Awòkè Lọ Kí Akígi

Bàbá mi àgbà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa jókòó tì í nígbà tó bá ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Iṣẹ́ kíkun ilé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, kò sí ògiri kan tó ń dúró dè é mọ́, síbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, á kó àwọn búrọ́ọ̀ṣì náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á da kẹrosíìnì sínú agolo, á máa fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè lọ́la. Èmi tí mò ń gbé yàrá òkè, tí mò ń ránṣọ lójú fèrèsé, òórùn kẹrosíìnì yẹn ló máa ń jí mi. Mo ti bá a jà sí i títí ó fi sú mi. Èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Aláròyé, ẹ̀rọ tìẹ tó ń ké bí ewúrẹ́ látàárọ̀ ńkọ́?"

Aláròyé ló ń pè mí, mi ò sì jiyàn. Mo lẹ́nu, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Àmọ́ bí èmi kò bá bá bàbá náà sọ̀rọ̀, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀? Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò bímọ. Ó ní yàrá kan nísàlẹ̀, ó ní rédíò tó máa ń tàn tí kì í gbọ́, ó ní àga onígi kan tó kọjú sí ọ̀nà àbáwọlé bí ẹni pé àlejò ń bọ̀. Àlejò kankan kì í wá. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ bu omi, á ní kí n jókòó díẹ̀. Bí mo bá sì jókòó, kò ní rí nǹkan kan sọ.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní láyé, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ náà ni mo sì fẹ́ sọ.

Nígbà tí bàbá mi àgbà wọ ìlú yìí, ọ̀dọ́kùnrin ni. Àwọn ará ìlú ìgbà náà ní oríṣiríṣi orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹni tó bá ti oko dé. Ará oko ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó wọn. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí kò mọ ibi tí yóò yà sí, Ajábọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí bàtà kò tíì mọ́ lára, tó fi í sábẹ́ apá tó ń rìn lọ, Ẹlẹ́sẹ̀-Erùpẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá dúró láàárín títì, tó gbójú sókè, tó la ẹnu sílẹ̀, tó ń wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Awòkè ni. Èyí tó bá wá ń kí gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́ o, ilé ńkọ́ o, títí tí wọ́n fi ní bó bá rí igi á kí igi, òun ni Akígi.

Bàbá mi àgbà ni Awòkè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Akígi. Ọ̀tọ̀ ni oko tí kálukú ti wá, wọn kò mọra rí. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń gba iṣẹ́ kíkun ilé gíga, tó sì ń wá ẹni tí kò ní bẹ̀rù àtigòkè. Àwọn ọmọ ìlú kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn tó ti oko dé ló máa ń ṣe é, nítorí ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn rántí pé òun ń bẹ̀rù.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Wọ́n á so okùn méjì mọ́lẹ̀ lórí òrùlé, wọ́n á fi gbé pákó gígùn kan kọ́ sára ògiri. Ẹnì kan á wà lápá ọ̀tún pákó, ẹnì kejì á wà lápá òsì. Bí ẹnì kan bá ṣí ẹsẹ̀ láìsọ fún ẹnì kejì, pákó á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó parí nìyẹn. Torí náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rìn láìkọ́kọ́ pe ẹnì kejì, kó sì gbọ́ èsì. Bàbá mi àgbà ní àwọn kọ́kọ́ fi orúkọ gidi pe ara àwọn, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn òbí wọn sọ wọ́n gùn bí àdúrà ìparí ọdún. Kí ẹ tó pè é tán, ẹni tí ẹ ń pè á ti balẹ̀. Ni wọ́n bá mú èyí tí àwọn ará ìsàlẹ̀ fi ń bú wọn, nítorí pé ó kúrú, ó sì ń dún.

"Akígi, mò ń bọ̀!"

"Máa bọ̀!"

"Awòkè, dúró o!"

"Mo dúró!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìfowópamọ́, ilé sinimá tí wọ́n ti wó báyìí, kò sí ògiri gíga nílùú yìí tí ohùn àwọn méjèèjì kò kàn rí. Ọ̀rọ̀ èébú wá di okùn kẹta fún wọn. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ pàápàá, orúkọ yẹn náà ni. Ọjọ́ tí bàbá mi àgbà gbéyàwó, Akígi ló dúró tì í, ó sì pariwo "Awòkè!" níwájú gbogbo àna, ojú sì ti ìyàwó gan-an.

Ìtàn kan wà tí bàbá mi àgbà máa ń sọ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Ọ̀gá wọn kórìíra ìkíni. Ó ní ẹni tó bá ń kíni kò ráyè ṣiṣẹ́. Akígi ní tirẹ̀ kò lè ṣe é kó má kíni, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé nìyẹn. Bó bá ti la ẹnu pé "ẹ kú iṣẹ́ o" báyìí, ọ̀gá àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù á gbé korobá omi tí wọ́n fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dà á lé e lórí, gbogbo wọn á sì hó yèè: "Akígi!" Bí òun náà ṣe máa ń dúró síbẹ̀, tí ọ̀dà àwọ̀ ewé á máa kán ní imú rẹ̀, bàbá mi àgbà á ṣe é fún wa rí, á fi ọwọ́ nu imú, á gbọn orí bí ajá tó jáde lódò. A máa ń rẹ́rìn-ín títí a fi máa ń di ikùn mú. Òun alára á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbà á.

Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti kú báyìí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní èébú tiwọn, wọn kò tọrọ ti àtijọ́. Lọ́jọ́ kan mo bi àwọn oníbàárà mi tó wá gba aṣọ bóyá wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ Awòkè. Ọ̀kan ní ó jọ orúkọ ìjọ tuntun kan. Èkejì ní àdúrà ni, ti ẹni tó ń wo òkè ọ̀dọ̀ Olúwa. Mo sọ fún bàbá mi àgbà, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bú wa." Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè sọ irú ìyẹn pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, àwọn yìí sì ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, Akígi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ gbàgbé kọ́kọ́rọ́, ó gbàgbé ọ̀nà ilé, nígbà tó wá gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú, tó ń wá a kiri àdúgbò, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní òdìkejì ìlú. Olùkọ́ ni ọmọ náà. Bàbá mi àgbà máa ń ní kí n bá òun pe fóònù ọmọ náà. Ọmọ á ní bàbá òun wà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Bó ti ń rí nìyẹn, lójoojúmọ́, títí ó fi sú bàbá mi àgbà, kò ní kí n pè mọ́.

Ìgbà náà ni mo rí ìdánìkanwà tó ń jẹ ènìyàn láàyè. Kò ṣàìsàn, kò ráhùn. Ó kàn ń kéré sí i lórí àga onígi yẹn. Ní ọ̀sán kan mo gbé búrẹ́dì àti tíì sọ̀ kalẹ̀ fún un, ó sì wò mí, ó ní, "Aláròyé, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí nígbà tí mo wọ ìlú yìí ti kú tán. Ó ku ẹnì kan. Bí ẹni yẹn ò bá mọ̀ mí mọ́, a jẹ́ pé èmi nìkan ló kù tó mọ ibi tí mo ti wá."

"Ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n, ìyẹn ò ha tó?"

"Kò tó. Mo fẹ́ kó pè mí lẹ́ẹ̀kan péré. Kó ní 'Awòkè'. Mo mọ̀ pé bó bá gbọ́ orúkọ tiẹ̀ lẹ́nu mi, á dá mi lóhùn. Orí á gbàgbé, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, inú egungun ló wà."

Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo pa iṣẹ́ tì, a wọ bọ́ọ̀sì. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo rán fún un, ó fá irùngbọ̀n, ó sì fi òróró pa àtẹ́lẹwọ́ tí ọ̀dà ti lá gbẹ. Bó ṣe ń múra, ẹ ó rò pé ọ̀dọ̀ àfẹ́sọ́nà ló ń lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì gbá mi létí wẹ́rẹ́.

Ọmọ Akígi pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi àgbà dáadáa, ṣùgbọ́n kò ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí a wọlé. Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má pè wọ́n ní orúkọ yẹn."

"Orúkọ wo?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Obìnrin náà ní nígbà tí òun wà nílé ẹ̀kọ́, ọmọ Akígi ni wọ́n ń pe òun. Bí òun bá kí olùkọ́, gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. "Mo ti bá ènìyàn jà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, Bàbá. Mo ṣèlérí pé wọn ò ní gbọ́ ọ nínú ilé mi."

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ já bọ́ láti orí ilé kó tó bí i. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n a kì í dákẹ́ ká ṣìwí, mo gbé e mì. Bàbá mi àgbà ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi." Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn fún wa.

Akígi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lórí àga tìmùtìmù. Ara rẹ̀ mọ́, wọ́n ti gé irun rẹ̀, aṣọ rẹ̀ kò ní àbùkù. Kò sí ẹ̀sùn kankan tí ènìyàn lè fi kan ọmọ náà. Bàbá mi àgbà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o!" Akígi wò ó, ó wo ilẹ̀kùn, ó sì yíjú sí fèrèsé láìdáhùn. Ọkùnrin tó máa ń kí gbogbo ayé.

Bàbá mi àgbà fa àga sún mọ́ ọn. Ó fi orúkọ gidi pè é, orúkọ gígùn tí wọ́n ti pa tì láti ìgbà èwe. Akígi gbọ́ ọ dé òpin, ó sì fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, sà."

Bàbá mi àgbà sọ ti ilé ìwòsàn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Ó sọ ti ọjọ́ tí ìjì gbé wọn mọ́ ara ilé ìfowópamọ́, tí àwọn akọ̀wé inú ilé sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, tí wọ́n ń mu tíì. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i. Akígi wo ọwọ́ náà dáadáa, ó ní, "Ẹ ti ṣiṣẹ́ gan-an." Ó tún yíjú padà.

Ọmọ rẹ̀ dìde, ó ní òun ń lọ po tíì. Nígbà tó wọ ilé ìdáná, bàbá mi àgbà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì wò mí. Mo mọ ohun tó ń bi mí. Nínú ọkàn mi mo ń sọ pé kó pè é jàre, kí ló kù tí a ó pàdánù.

"Akígi," ó pè é pẹ̀lẹ́.

Akígi kò mira.

Bàbá mi àgbà wá gbé ohùn sókè, ohùn orí pákó, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún pípẹ́: "Akígi! Mò ń bọ̀!"

Ọkùnrin náà gbọ̀n. Ó yíjú sí wa, ojú rẹ̀ là, ó mọ́lẹ̀, ó dá mi lójú pé ó ti gbọ́. Bàbá mi àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ni Akígi bá gbé apá méjèèjì bo orí, ó di ojú pa, ó ká ara rẹ̀ kò sórí àga bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà, ó sì ń dúró de ohun kan.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Mi ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí mi lára. Ẹ̀wù kan ṣoṣo tí mo ní nìyí."

Ẹyin lohùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i kó fọ́ báyẹn lójú mi. Ọmọ rẹ̀ sáré jáde. Mo rò pé yóò pariwo mọ́ wa. Dípò ìyẹn, ó gbìyànjú láti fa apá bàbá rẹ̀ wálẹ̀, apá náà kò wálẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Akígi gidi, ẹ̀rù ọmọdékùnrin tí kò ní ẹnì kankan nílùú.

Bàbá mi àgbà dìde lórí àga, ó sì kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò dára, mo gbọ́ bó ṣe dún.

"Ọ̀gá ti lọ," ó ní. "Kò sí omi níbí. Ẹ wò ó, ọwọ́ mi ṣófo. Ẹ lè kí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí wa."

Ojú Akígi kan yọ lábẹ́ apá.

"Ṣé wọn ò ní gbọ́?"

"Wọn ò ní gbọ́."

Ó sọ apá kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rọra fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́," ni bàbá mi àgbà ń dáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n wà. Dáadáa ni wọ́n wà." Ó ń purọ́ láti orí ìkúnlẹ̀, ìyàwó tó ti kú, ọmọ tí kò bí, gbogbo wọn ló ní wọ́n wà dáadáa.

Akígi wá kí èmi náà. Ó kí ọmọ rẹ̀, ó bi í léèrè bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ìlú yìí. Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ mi, wọn ò kí ẹnì kankan," ó sọ fún wa. "Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kíni ni."

A mu tíì náà. Ó ti tutù.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, a jókòó pọ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi lè máa pè yín ní Awòkè. Kí ẹnì kan ṣáà máa pè yín bẹ́ẹ̀."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí òróró ti gbẹ kúrò lórí rẹ̀, ó wá ní:

"Ìtàn omi yẹn, tí mo máa ń sọ fún yín. Mo rò pé òun náà ń rẹ́rìn-ín."

"Ó lè jẹ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ó ti pẹ́. Àìsàn ló ń ṣe é."

"Mi ò mọ̀. Lórí pákó, ògiri la máa ń kọjú sí, Aláròyé, àwa méjèèjì. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Gbogbo ọdún yẹn, mi ò wo ojú rẹ̀ rí nígbà tí mo bá pè é."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbé ojú sí fèrèsé títí a fi dé ibi tí a ti máa sọ̀ kalẹ̀.